O-ò-ní-gbàgbọ́, Ọkọ Aránṣọ

Ọjọ́ tí ẹ̀wà jóná ni gbogbo ilé fi ń rántí rẹ̀ títí dòní. Ìrọ̀lẹ́ ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, kò tíì bọ́ bàtà, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro ìtàn ajá kan tó wọ ọkọ̀ èrò, tó jókòó ti awakọ̀, tí kò gbà kí ẹnikẹ́ni sọ̀ kalẹ̀ títí ọkọ̀ fi dé ibi tí òun fúnra rẹ̀ ń lọ. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, gbàgbé pé òun gbé nǹkan kaná. Ẹ̀rín ń pa á lọ. Ẹ̀wà gbẹ, ẹ̀wà dúdú, èéfín gba ojú fèrèsé jáde. Àwọn ará ilé pariwo iná, kálukú gbé omi, ìyá onílé ló ṣáájú wọn pẹ̀lú garawa tó kún dẹ́nu. Wọ́n já wọlé gìrìgìrì. Ọkùnrin yìí na ọwọ́ méjèèjì síwájú wọn.

"Ẹ dúró ná! Ó ku díẹ̀ kí ajá náà sọ̀ kalẹ̀."

Bí wọ́n ṣe dúró nìyẹn. Èèyàn mẹ́fà, omi lọ́wọ́, nínú èéfín, wọ́n ń wúkọ́, wọ́n ń gbọ́ ìtàn. Ẹnì kan tiẹ̀ rọra bá wọn pa sítóòfù kó má bàa máa pariwo mọ́ ajá lórí. Nígbà tí ìtàn parí, ìyá onílé gbé garawa sókè, ó da gbogbo omi rẹ̀ lé ọkùnrin náà lórí. Ó ní kì í ṣe nítorí iná. Ó ní ibi tí ó parí ìtàn náà sí ni kò tẹ́ òun lọ́rùn.

"Ìyàwó mi, o ò ní gbàgbọ́." Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, lójoojúmọ́, láti ẹnu ọ̀nà. Kò pẹ́ tí àwọn ará ilé fi sọ ọ́ lórúkọ: O-ò-ní-gbàgbọ́. Àlejò tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ a rò pé Onígbàgbọ́ ni wọ́n ń pè é, a sì máa tẹríba kí i. Ọkùnrin kan tiẹ̀ gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá wá pé kó gbàdúrà fún un. Ó gbàdúrà náà, ó sì fi ìtàn kan lé e, ọmọ ń rẹ́rìn-ín lọ sílé. Ìyàwó rẹ̀ bi í pé kí ló dé tí kò sọ òótọ́ fún bàbá ọmọ. Ó ní, "Ṣé o rò pé ó máa gbà mí gbọ́ ni?"

Yàrá kan ni wọ́n ní. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà lábẹ́ fèrèsé, bẹ́ẹ̀dì wà lápá kejì, àga kan ṣoṣo wà láàárín, wọ́n sì máa ń du àga yẹn bí ẹni ń du oyè. Ẹni tó bá gba àga, ẹni kejì ló máa po tíì. Ife ńlá kan ni wọ́n fi ń mu ún, ó máa lọ, ó máa bọ̀. Ọkọ ní òun kì í fi ṣúgà sí tíì, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ife, níbi tí ṣúgà máa ń rọ̀ sí, òun ló máa ń kàn nígbà gbogbo. Aránṣọ mọ̀. Ó kàn ń wò ó ni.

Bí ìyàwó bá ń ránṣọ, ọkọ a wọ abẹ́ tábìlì lọ láti ṣa àwọn abẹ́rẹ́ tó ti já bọ́, ibẹ̀ ni yóò sì ti máa sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan wá wọ aṣọ tuntun rẹ̀ wò. Ó dúró síwájú dígí, ohùn ọkùnrin bá jáde nísàlẹ̀. Obìnrin náà figbe ta.

"Ta ló wà lábẹ́ aṣọ mi?"

"Ọkọ mi ni," ni aránṣọ wí.

"Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

"Mò ń ṣiṣẹ́ ni, mà," ni tábìlì dáhùn. "Ẹ má gbé ẹsẹ̀, abẹ́rẹ́ kan kù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka yín."

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n á fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á di í mú ní ìkángun méjì láti fún un. Ọkọ á mọ̀ọ́mọ̀ yí tirẹ̀ sí ibi tí ìyàwó ń yí sí, omi kò ní jáde, ìyàwó á pariwo, òun á ní aṣọ yẹn ló lágídí. Kò sígbà kan tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀. Aránṣọ máa ń ṣọ́ ọ láti mú un níbi irọ́. "Lánàá, o ní ọkùnrin náà ò léyín. Báwo ló ṣe wá gé búrẹ́dì jẹ lónìí?" Kò tiẹ̀ ṣẹ́jú. Ó ní, "Lóru àná ló hù. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ẹ gan-an nìyẹn, o ò jẹ́ kí n débẹ̀."

Ọdún kẹta ìgbéyàwó wọn ni ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ha. Ó ní òtútù ni. Ó mu omi gbígbóná, ó fi ìborùn wé ọrùn, ó ń bá ìtàn lọ. Oṣù méjì, òtútù kò lọ. Oṣù kẹta, ìtàn tó máa ń gba ìrọ̀lẹ́ kan wá ń gba mẹ́ta, nítorí ó ní láti máa sinmi láàárín. Aránṣọ fà á lọ sílé ìwòsàn. Dókítà wò ó, ó tún un wò, ó pe ọkọ nìkan wọlé. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ó jáde, dókítà tẹ̀ lé e láti wá bá ìyàwó sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà gbé ọwọ́ sókè pé kó jẹ́ kí òun fúnra òun sọ ọ́. Ó jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ìyàwó mi," ni ó wí wúyẹ́wúyẹ́, "o ò ní gbàgbọ́."

Kókó jẹjẹrẹ ni, nínú ọ̀nà ọ̀fun, ó sì ti ta gbòǹgbò. Ìtàn tó kúrú jù tó sọ rí nìyẹn. Kò fi nǹkan kan kún un.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n sì mú ohùn lọ. Nígbà tí ó délé, ó dà bí ẹni tí wọ́n gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni ó fi kọjú sí ògiri. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó dìde jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ṣàpèjúwe. Ó fi ìka gún apá ara rẹ̀, ó ranjú, ó ṣe bí ẹni tó dákú. Aránṣọ mọ̀ pé nọ́ọ̀sì tó gún un lábẹ́rẹ́ ló ń sọ. Ṣùgbọ́n ó mójú kúrò.

"Wọ́n fi ẹ́ jọba?"

Ó mi orí, ó tún un ṣe.

"Ẹja lo jẹ?"

Ó sọ ìrọ̀rí lù ú. Ìyẹn gbé ìrọ̀rí, ó rí i pé èjìká ọkọ òun ń gbọ̀n, kò kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ẹkún ni. Ẹ̀rín ni. Ẹ̀rín tí kò ní ohùn. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣi gbogbo nǹkan túmọ̀.

Nígbà tó yá, ọwọ́ ọkọ pàápàá rẹ̀, ó gbẹ, apá rẹ̀ kò ju igi ìwọ̀n aṣọ lọ. Ìdí nìyẹn tí aránṣọ fi ní láti máa ro ìtàn fún un. Kò mọ̀ ọ́n ṣe rárá. "Obìnrin kan wá lónìí," ni ó wí. "Ó ní kí n bá òun gé aṣọ kúrú. Mo gé e kúrú. Ó lọ." Ọkọ rẹ̀ wò ó títí. Ó na ọwọ́ mú bébà àti bírò, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ìwọ gan-an, ṣé o bẹ̀rù Ọlọ́run? Ta ní ń sọ̀rọ̀ báyẹn fún aláìsàn?"

Ló bá ń gbìyànjú. Obìnrin tó ní kí wọ́n gé aṣọ di obìnrin tó ń sá fún àna rẹ̀. Àna náà di ẹni tó ga débi tó fi ń bẹ̀rẹ̀ wọ geeti. Ó ń wo ojú ọkọ rẹ̀ bó ti ń purọ́ lọ. Bí ìpéǹpéjú rẹ̀ bá gbé sókè, a jẹ́ pé ó dùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan báyìí, ó ń ro ti ìyàwó ojú ọ̀nà kan tó sùn lọ lórí ìdúró nígbà tí wọ́n ń wọn aṣọ fún un. Ó rí i pé ọkọ òun ti di ojú. Inú bí i díẹ̀. Ó ní, "Ó dáa, mo mọ̀ pé kò dùn, ṣùgbọ́n o lè ṣe bí ẹni ń gbọ́." Ó rán ojú aṣọ tó kù tán kó tó dìde lọ wò ó.

Lọ́jọ́ kẹjọ ikú rẹ̀, ọkùnrin mẹ́ta wá kí aránṣọ láti ilé iṣẹ́ ọ̀dà tí ọkọ rẹ̀ ti ń po ọ̀dà. Wọ́n jókòó ní bèbè bẹ́ẹ̀dì, fìlà lórí orúnkún. Ọ̀gá wọn jẹ́ ọkùnrin kúkurú tó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọ́n kí i títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu wọn.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyàwó wa. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni," ni ọ̀gá wí. "Ọdún mẹ́fà la jọ ṣiṣẹ́, n kò gbọ́ ju 'ẹ káàárọ̀, sà' lẹ́nu rẹ̀ lọ."

"Ta ni?" ni aránṣọ bi í.

"Ọkọ yín."

"Kì í sọ̀rọ̀?"

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo ara wọn. "Ẹ má bínú, mà," ni èyí tó kéré jù wí, "Odi la máa ń pè é. Bá a bá ń jẹun ọ̀sán, á kàn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa wò wá."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu aránṣọ, àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́jọ, ó sì gbọ́ bí ìyá onílé ṣe dìde gìrì nínú yàrá kejì. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Ṣé ó máa ń sọ nǹkan kan nípa wa?" ni ọ̀gá bi í, bí ẹni tí ojú ń tì.

"Ẹ̀yin lẹ gbé àgbá ọ̀dà mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà."

"Èmi?"

"Ẹ tún ń kọrin."

Ọ̀gá wo apá ara rẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn méjì tó kù náà sún síwájú, wọ́n fẹ́ mọ ohun tí ó sọ nípa tiwọn, aránṣọ sì ń sọ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ìtàn lé ìtàn, títí tíì tí ìyá onílé gbé wá fi tutù.

Nígbà tí wọ́n dìde, ọ̀gá nìkan ló dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ohun kan máa ń rú mi lójú," ni ó wí. "Bí agogo ìparí iṣẹ́ bá ti dún, kì í dúró fọ ọwọ́ tán. Eré ló máa ń sá jáde. A rò pé kò fẹ́ràn wa ni."

Aránṣọ di ilẹ̀kùn mú. "Ẹ ṣeun, sà," ni ó wí. "Ẹ ṣeun gan-an."

Ó sìn wọ́n dé geeti.