Aṣọ Pupa Tí Tíṣà Tú Lápá Mi

Òórùn koríko tó ń jó ló gba ojú fèrèsé wọlé bá mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú ọyẹ́ tó kọjá yìí, ní Ìkọ̀lé níbí. Mo jókòó, mò ń bó ẹ̀gúsí. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ ilé ìwé kan fi kọjá lójú títì, tí wọ́n ń kọ orin tí àwọn panápaná wá kọ́ wọn, pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dáná sun igbó. Orin náà dùn, wọ́n sì ń jó sí i. Èmi gbé ẹ̀gúsí sílẹ̀, nítorí èmi náà kọ irú orin bẹ́ẹ̀ rí, mo sì mọ ibi tó gbé mi dé.

Abúlé tí à ń gbé nígbà náà kò jìnnà sí Ìtapàjí. Ìlú Òsì ni bàbá mi ti wá dáko níbẹ̀, nítorí náà àlejò la jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Orí ilẹ̀ bàbá àgbàlagbà kan là ń dáko. Bàbá Onílẹ̀ ni gbogbo wa ń pè é. Ọdẹ ni, ajá rẹ̀ pọ̀ ju ọmọ rẹ̀ lọ, ara rẹ̀ sì yá mọ́ ènìyàn débi pé bó bá ń kọjá, gbogbo ojúlé ló máa ń kí, títí kan ewúrẹ́ tó bá dùbúlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Nínú ilé rẹ̀ ni Tíṣà Ayéni wọ̀ sí nígbà tí wọ́n gbé e wá sí ilé ìwé wa. Bàbá kò gbowó ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni Tíṣà, ìlà ṣòkòtò rẹ̀ máa ń gún bí ẹni fi ọ̀bẹ fà á. Àwa kò ka iná igbó sí nǹkan kan nígbà yẹn. Bí ọyẹ́ bá ti dé, a mọ̀ pé òkè yóò jó, bí a ti mọ̀ pé ètè wa yóò là. Tíṣà ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ọwọ́ ènìyàn ló ń ti iná bọ igbó, ọwọ́ ènìyàn ló sì lè dá a dúró. Ó kó wa lọ sẹ́yìn ilé ìwé, ó ní ká ro koríko yípo títí ilẹ̀ yóò fi hàn, ó wá ṣáná sí èyí tó wà láàárín. Iná náà jó dé etí ibi tí a ro, ó wá nǹkan jẹ, kò rí, ó kú. A pàtẹ́wọ́ bí ẹni pé idán ló pa. Ó kọ́ wa bí a ṣe ń da erùpẹ̀ sókè láti mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ. Ó ní ká máa da omi sí eérú ká tó kúrò lóko, kódà bí a kò bá rí èéfín mọ́. Ó fi gbogbo rẹ̀ ṣe orin fún wa.

Ohun kan ṣoṣo tí kò rí kọ́ wa ni orúkọ iná. “Uná” là ń pè é nílé, bí a ti ń pe ilé ní “ulé”. Bó bá ní ká wí pé “iná”, a ó pariwo “uná” lé e lórí. Lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin kan dìde, ó ní, “Tíṣà, èyí tó jó ulé bàbá mi, uná ni.” Tíṣà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

Ó yan díẹ̀ nínú wa, ó so aṣọ pupa mọ́ wa lápá, ó pè wá ní Ẹ̀ṣọ́ Igbó. Mo wà lára wọn. Mo ń wọ aṣọ náà sùn. Ìyá mi ní ó jọ pé màá wọ̀ ọ́ lọ sílé ọkọ. Lọ́jọ́ tí Tíṣà so ó, ó sọ fún wa pé, “Ẹni tó bá rí ẹni tó ń dáná sun igbó, ẹni yòówù kó jẹ́, kó wá sọ fún mi. Èmi nìkan ni màá gbọ́ ọ. Mo wà lẹ́yìn yín.”

Ní ọ̀sán Sátidé kan ni mò ń ṣẹ́gi lẹ́bàá oko wa tí mo rí Bàbá Onílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sídìí koríko, ó ṣáná sí i, àwọn ajá rẹ̀ dúró yí ká, wọ́n ń retí kí ọ̀yà sá jáde. Kò rí mi. Afẹ́fẹ́ yí padà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, iná náà ti jó kaṣú Màmá Sàlámọ̀tù, opó kan ní abúlé wa, ó sì ti jó ọgbà iṣu rẹ̀. Nígbà tí mo kọjá níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, màmá náà lóṣòó sínú eérú. Kò sunkún. Ó ń fi igi tú eérú náà, ó ń wá iṣu èbù tí iná kò tíì sun jinná. Àwọn ènìyàn ń kí i kú àdánù, Bàbá Onílẹ̀ náà sì wá kí i.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mo dúró kí àwọn yòókù lọ tán, mo sì sọ ohun tí mo rí fún Tíṣà. Ó gbọ́wọ́ lé mi lórí, ó ní mo ṣeun, kí n máa lọ sílé. Mo sáré lọ bí ẹni tó gba ẹ̀bùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí a tò síwájú ilé ìwé, Bàbá Onílẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tíṣà. Wọ́n ti ránṣẹ́ pe bàbá mi. Tíṣà pè mí jáde. Ó ní, “Ọmọ yìí wá parọ́ mọ́ Bàbá lọ́dọ̀ mi. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ wọn ló yé e sódì. Ẹ forí jì í, Bàbá, ọmọdé ni.” Mo rò pé ọ̀rọ̀ kù lẹ́nu rẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú aṣọ pupa náà lápá mi. Kókó rẹ̀ le, ó ń fi èékánná tú u. Ojú rẹ̀ ni mò ń wò. Kókó aṣọ ni òun ń wò.

Bàbá Onílẹ̀ kò jágbe. Ó ní òun ti forí jì mí. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ránṣẹ́ sí bàbá mi pé àwọn ọmọ òun ni yóò dáko lórí ilẹ̀ náà bí òjò bá dé. Bàbá mi lọ dọ̀bálẹ̀, ìyá mi lọ kúnlẹ̀, kò yí ọ̀rọ̀ padà. Ìyá mi ló wá sọ pé ọ̀yà kì í wọ́n nínú ọbẹ̀ ilé tí Tíṣà ń gbé. Bàbá mi ní tirẹ̀ bi mí ní ìbéèrè kan péré, bóyá mo rí i lóòótọ́. Mo ní mo rí i. Ó ní, “Ó tán. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ lo ṣe.”

A wa iṣu tó kù, a kó wá sí Ìkọ̀lé. Oko olóko ni bàbá mi ń bá wọn ro títí ó fi darúgbó. Ní ilé ìwé tuntun, n kì í nawọ́ bí mo bá tilẹ̀ mọ ìdáhùn, tíṣà ibẹ̀ sì rò pé orí mi kò pé.

Ó pẹ́ lẹ́yìn náà kí n tó pàdé Tíṣà Ayéni níbi òkú kan ní Ìrè, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Orí rẹ̀ ti funfun. Ó pè mí lórúkọ, ó dì mọ́ mi, ó ń sọ fún àwọn tó jókòó tì í pé èmi ni mo mọ orin iná kọ jù nínú gbogbo Ẹ̀ṣọ́ Igbó òun. Mo kúnlẹ̀ kí i, nítorí tíṣà mi ni. Mo ń retí kó sọ ti aṣọ pupa tó tú lápá mi. Ó béèrè iye ọmọ tí mo bí. Bóyá ó ti gbàgbé, bóyá ó rántí dáadáa. N kò tíì mọ èyí tó dùn mí jù nínú méjèèjì.

Nǹkan ti yàtọ̀ báyìí. Àwọn tó wọ aṣọ ìjọba ló ń wá kọ́ àwọn ọmọ, rédíò náà ń sọ ọ́. Òkè ṣì ń jó nínú ọyẹ́, wọ́n ṣì ń lé ọ̀yà. Ẹ̀kọ́ Tíṣà kò sì já irọ́: mò ń ro etí oko mi lọ́dọọdún, iná kò wọ̀ ọ́ rí. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí, wọ́n gbà yín gbọ́. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn yóò sáré wá bá yín, yóò ní òun rí ẹni tó ṣáná, ẹni náà sì lè jẹ́ ẹni tí ẹ ń gbé nínú ilé rẹ̀. Kí ẹ tó kọ́ wọn lórin, ẹ ti mọ ohun tí ẹ ó ṣe lọ́jọ́ náà.