Ta Ló Ń Kan Ilẹ̀kùn Lẹ́tà?

Obìnrin tí gbogbo ilé iṣẹ́ náà ń pè ní Màmá Lẹ́tà kì í bú ènìyàn. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣẹ̀ ẹ́, lẹ́tà ló máa ń kọ sí onítọ̀hún, lẹ́tà tó gún régé, tó kún fún ọ̀wọ̀, tí ẹni tó gbà á yóò kà lákàtúnkà kó tó yé e pé wọ́n ti wọ́ òun nílẹ̀. Akọ̀wé ọ̀gá ni. Afárá kéékèèké àti gọ́tà ni ilé iṣẹ́ wọn ń kọ́, kò sì sí lẹ́tà tó wọlé tàbí tó jáde níbẹ̀ tí kì í gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà. Ìparí nìkan ló mọ̀, torí pé ibẹ̀ ló máa ń fọwọ́ sí.

Nítorí náà, ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, àfojúdi ló kọ́kọ́ kà á sí.

Ó ṣí ibi tí ímeèlì máa ń wọlé sí. Fèrèsé kékeré funfun kan yọ sí àárín ojú ẹ̀rọ náà, ó ní kó mú páásíwọ́ọ̀dù wá. Ó tẹ̀ ẹ́. Fèrèsé náà lọ. Kò tíì gbé ife tíì kan ẹnu tó tún fi yọ. Ó tún un tẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń bá adití sọ̀rọ̀. Ó lọ. Ó tún padà dé.

"Ìwọ yìí," ó wí fún un, "ta ló kọ́ ẹ nílé?"

Akápò ń kọjá lọ, ó yà wọlé. "Màmá, ẹ ò tẹ̀ ẹ́ dáadáa ni. Kí ni páásíwọ́ọ̀dù yín?" Màmá Lẹ́tà sọ ọ́ fún un. Akápò tẹ̀ ẹ́, kò gbà. Ayàwòrán afárá náà dé, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun dán an wò. Òun náà béèrè, wọ́n sọ fún un, ó tẹ̀ ẹ́ títí ìka rẹ̀ fi ń dún. Ẹni tó ń gbálẹ̀ dúró lẹ́yìn wọn, ó ń bá wọn pè é sókè. Kí oòrùn tó mú, kò sẹ́ni tí kò mọ páásíwọ́ọ̀dù Màmá Lẹ́tà mọ́ ní ilé iṣẹ́ náà, páásíwọ́ọ̀dù tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yí lọ́jọ́ Ẹtì nítorí pé àṣírí ń jò.

Òótọ́ ni, àṣírí ń jò. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá kọ iye tí wọ́n máa gbà láti ṣe iṣẹ́ kan ránṣẹ́, ilé iṣẹ́ kan tó wà ní òdìkejì ìlú á kọ tiwọn, á sì fi ìwọ̀nba díẹ̀ dín sí i, bí ẹni pé èjìká ọ̀gá ni wọ́n ti yọjú ka tirẹ̀. Iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ wọn lemọ́lemọ́. Ọ̀gá fárígá, ó ní ọ̀dàlẹ̀ ń bẹ nínú ilé. Ojú gbogbo wọn wá lọ sára ọmọbìnrin tó ń gbàlejò lẹ́nu ọ̀nà, torí pé àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ òdìkejì ọ̀hún. Wọ́n ní kó lọ jókòó sílé ná. Ọ̀sán òní ni wọ́n fẹ́ pè é wá jẹ́jọ́, lọ́yà ilé iṣẹ́ náà sì ti ń sọ pé bí kò bá jẹ́wọ́, àwọn ọlọ́pàá á bá òun bi í.

Màmá Lẹ́tà ló kọ lẹ́tà tí wọ́n fi lé ọmọ náà sílé. Lẹ́tà ọ̀hún dùn ún kà. Lọ́kàn rẹ̀, òun náà gbà pé ọmọ yẹn ló ṣe é. Ẹ̀rín rẹ̀ ti pọ̀ jù láti ọjọ́ tó ti débẹ̀.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Dókítà. Dókítà kì í wo ènìyàn. Kọ̀ǹpútà ló ń wò, àgbàlagbà ọkùnrin tó máa ń fi àwàdà ṣe egbòogi.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Kí lẹ ṣe fún un?"

"Ṣé èmi ni mo ṣe nǹkan fún un ni, àbí òun ló ń ṣe nǹkan fún mi?"

"Gbogbo wọn ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ sún díẹ̀."

Ó wo wáyà tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé, kò sí ohun tó ṣe é. Ó wo aago àti ọjọ́ inú ẹ̀rọ náà, wọ́n pé. Ó wá inú rẹ̀ títí ó fi rí páásíwọ́ọ̀dù àtijọ́ tí ẹ̀rọ náà fi pamọ́, ó pa á rẹ́. "Ohun tó ń dà á láàmú rèé," ó wí. "Ọkàn rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ ti àná." Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn. Lẹ́tà mẹ́ta wọlé. Màmá Lẹ́tà ti fẹ́ dúpẹ́ nígbà tí fèrèsé funfun náà tún yọ.

Dókítà yọ àpótí lẹ́tà náà kúrò pátápátá, ó tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Fèrèsé yọ. Ó mú kọ̀ǹpútà alágbèéká tirẹ̀ jáde nínú àpò, ó ní kí Màmá Lẹ́tà tẹ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ sí ibẹ̀. Fèrèsé yọ níbẹ̀ náà.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Dókítà. Ìyẹn ló ba Màmá Lẹ́tà lẹ́rù jù, torí pé èéfín ti yọ lára kọ̀ǹpútà Akápò rí tí Dókítà sì ń rẹ́rìn-ín.

"Mà, ara kọ̀ǹpútà yín le," ó wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ibi tí wọ́n ń kó lẹ́tà pamọ́ sí gan-an ló ń ti ilẹ̀kùn. Ẹlòmíràn ń kàn án. Páásíwọ́ọ̀dù àtijọ́ lonítọ̀hún ń lò. Tó bá ti kàn án jù, ilẹ̀kùn á tì mọ́ gbogbo ayé, títí kan ẹ̀yin tẹ́ ẹ nilé. Tó bá ṣe díẹ̀, á ṣí, ẹ ó wọlé. Onítọ̀hún á tún kàn án."

"Ẹlòmíràn bí ta ni?"

Dókítà tẹ nǹkan díẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ojú ìwé kan ṣí tí gbogbo ìkanlẹ̀kùn náà tò sí lọ́kọ̀ọ̀kan. Níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni orúkọ ẹ̀rọ tó ń kàn án wà. Orúkọ kan náà ni láti òkè dé ìsàlẹ̀: FÓÒNÙ MÀMÁ LẸ́TÀ.

Màmá Lẹ́tà fa àpò rẹ̀ yọ, ó gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì. "Fóònù mi rèé. Mi ò fọwọ́ kàn án láti àárọ̀."

"Kì í ṣe èyí, mà. Èyí tẹ́ ẹ lò ṣáájú rẹ̀ ni."



Àbúrò rẹ̀ ni Màmá Lẹ́tà fún ní ìyẹn. Òun ló tọ́ ọmọkùnrin náà láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló pọ̀n ọ́n sí, apá rẹ̀ ló fi rán an níwèé. Ìlérí ni gbogbo ẹbí ń pè é, torí pé kò tíì sí ohun rere kan láyé yìí tí kò tíì ṣèlérí rẹ̀ fún ẹnìkan. Alágbàtà ló pe ara rẹ̀. Ó máa ń dúró láàárín ẹni tó fẹ́ rà àti ẹni tó fẹ́ tà, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí Màmá Lẹ́tà ra fóònù tuntun, ẹni tó tà á fún un ní kó jẹ́ kí òun nu inú ti àtijọ́ mọ́ kó tó gbé e fún ẹlòmíràn. Ojú ti Màmá Lẹ́tà fún un. "Ẹlòmíràn kẹ̀? Àbúrò mi ni." Lójú rẹ̀, kí wọ́n nu inú rẹ̀ mọ́ dà bí kéèyàn tilẹ̀kùn yàrá torí pé ọmọ ìyá rẹ̀ ń bọ̀ wá kí i. Bó ṣe wà ló ṣe gbé e fún un, pẹ̀lú gbogbo lẹ́tà inú rẹ̀. Kò pẹ́ tí Ìlérí fi sọ pé fóònù náà bọ́ sómi.

Láìpẹ́ yìí, nǹkan ti wá ń ṣẹnuure fún Ìlérí. Ó rán àwọn ọkùnrin kan wá kun pálọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọlúàbí gidi ni wọ́n. Wọ́n bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n tiẹ̀ béèrè yàrá tó ń sùn sí, bóyá ògiri ibẹ̀ náà ń fẹ́ ọ̀dà. Ó ṣàdúrà fún wọn.

"Mo lè gé e kúrò," Dókítà wí. Bọ́tìnnì orí kọ̀ǹpútà ló ń wò, kò wo ojú rẹ̀. "Tẹ́ ẹ bá tẹ ibí, gbogbo nǹkan tó wà nínú fóònù yẹn á parẹ́ níbikíbi tó bá wà. Ojú ìwé yìí náà á lọ. Fèrèsé ò ní yọ sí yín mọ́. Ọ̀gá ní kí n tún ímeèlì yín ṣe ni, mà. Kò ní kí n wádìí nǹkan kan."

Màmá Lẹ́tà pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà! Ẹ káàsán, mà. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí. Fóònù tí mo fún ẹ nígbà yẹn ńkọ́?"

"Èwo? Èyí tó bọ́ sómi? Háà, ẹ̀gbọ́n mi, ìyẹn ti kú tipẹ́. Mo ti sọ ọ́ nù."

Lójú ìwé iwájú Dókítà, ìlà tuntun kan yọ nísàlẹ̀, orúkọ fóònù kan náà ló wà níwájú rẹ̀. Dókítà fi ìka tọ́ka sí i.

"Ó dáa," Màmá Lẹ́tà wí. "Mo kàn béèrè ni."

Nígbà tí Ìlérí yóò tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé wọ́n yí páásíwọ́ọ̀dù níbi iṣẹ́ yín ni?"

Màmá Lẹ́tà kò dárúkọ páásíwọ́ọ̀dù fún un. Kò fi ọ̀rọ̀ tó jọ ọ́ kan án létí. Imú ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ yìí, ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń nù ún kó tó mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì.

"Kí lo ṣe?" ó béèrè.

"Ẹ má dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Mo ń bọ̀ níbẹ̀ báyìí. Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀gbọ́n mi, àwọn tí mò ń bá ṣe é kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń já kulẹ̀. Àwọn tó kun pálọ̀ yín yẹn, ṣé akunlé lẹ pè wọ́n ni?"

Ìlérí pa fóònù.

Ìgbà yẹn gan-an ni ọmọbìnrin tó ń gbàlejò gun àtẹ̀gùn dé. Aṣọ tó dára jù tó ní ló wọ̀, ó sì ti sunkún kó tó fi tìróò sójú, ìgbà tó fi í tán ló tún sunkún. Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. "Ẹ káàsán, mà. Màmá, ẹ dákun, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Mi ò mọ nǹkan tí wọ́n ń sọ."

"Dìde," Màmá Lẹ́tà wí. Ọmọ náà wọ yàrá ọ̀gá lọ, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

"Mà," Dókítà wí, "ẹ tẹ̀ ẹ́ àbí ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ ṣe é kíá."

Màmá Lẹ́tà wo bọ́tìnnì náà. Tó bá tẹ̀ ẹ́, Ìlérí bọ́, òun náà bọ́, àwọn akunlé yóò lọ kun ilé ẹlòmíràn. Nínú yàrá yẹn, ohùn lọ́yà ti ń lọ sókè.

"Ìwọ lo máa bá mi gbé kọ̀ǹpútà yẹn wọlé," ó wí.

"Èmi? Mà, mo láya nílé, mo bímọ."

"Gbé e lé mi lọ́wọ́ nígbà náà."

Ó gbà á, ó dì í máyà bí ọmọ tuntun, ó sì ṣí ilẹ̀kùn ọ̀gá.

Ọ̀gá gbójú sókè. Akápò àti lọ́yà wà lápá ọ̀tún rẹ̀, ọmọbìnrin náà dá jókòó síwájú wọn. "Màmá Lẹ́tà, a ò tíì ránṣẹ́ pè yín. Ṣé lẹ́tà tá a máa fi dá a dúró ti ṣetán ni?"

"Kò sí lẹ́tà, sà. Ọmọ yìí ò ṣe nǹkan kan. Fóònù mi ni wọ́n fi ń ka ọ̀rọ̀ yín. Ọwọ́ àbúrò mi ló wà. Èmi ni mo fún un."

Ó gbé kọ̀ǹpútà náà kalẹ̀ síwájú wọn. Lọ́yà kọ́kọ́ kà á, Akápò tẹ̀lé e, ọ̀gá ló kà á gbẹ̀yìn, ó sì pẹ́ lórí rẹ̀. Ọmọbìnrin náà rọra dìde, bí ẹni tí kò dá a lójú pé wọ́n ti yọ̀ǹda òun, ó fara ti ògiri.

Ọ̀gá na ọwọ́ sí àga tí ọmọ náà fi sílẹ̀.

"Ẹ jókòó, mà," ó wí.

Màmá Lẹ́tà jókòó. Àga náà ṣì gbóná. Níta, ẹsẹ̀ ń gun àtẹ̀gùn bọ̀, ó sì ju ti ẹnì kan lọ.