Ẹni Tó Jókòó Ti Ìyàwó Nínú Bàálù

Ilé Bàbá Mujeebat ní Ilero ni Ramlah dàgbà sí. Kì í ṣe Bàbá Mujeebat ló bí i, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni. Ọmọ ọwọ́ ni Ramlah nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ẹ̀gbọ́n yìí ló gbà á, ló tọ́ ọ, ló rán an nílé ìwé. Ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọkùnrin náà, kò fi ìyà jẹ ẹ́. Ramlah jẹ, ó mu, ó wọṣọ. Àmọ́ Bàbá Mujeebat ni irú ẹni tó jẹ́ pé tó bá ti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Òun ló ní kí Ramlah kọ́ṣẹ́ aránṣọ, Ramlah sì kọ́ ọ. Òun náà ló tún ní kó máa pa iṣẹ́ ìránṣọ tì nígbà ìkórè, kó wá máa wọn àgbàdo ní sọ́ọ̀bù òun, Ramlah sì pa á tì. Bó ṣe dàgbà tó yẹn, kò ní ilẹ̀kùn kan tó lè tì. Òun àti àwọn ọmọ ilé ni wọ́n jọ ń sùn nínú yàrá kan, Bàbá a sì máa ṣí i wọlé nígbàkúgbà láìkan ilẹ̀kùn.

Nítorí ilẹ̀kùn yẹn ni mo ṣe ń ro gbogbo ẹjọ́ yìí. Tàófíìkì tó ń ta páàtì ọ̀kadà ní Ṣakí ló fẹ́ Ramlah. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Tàófíìkì, kò lè fojú di àgbà láéláé, gbogbo bàbá àdúgbò ló fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ ó rí i láìpẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ó gba yàrá kan àti pálọ̀ sí ọ̀nà Pólì, Ramlah fúnra rẹ̀ ló kun ògiri, ó sì gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ síbi fèrèsé. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó so yìgì ni Bàbá Mujeebat ti ní òun ò fẹ́ gbọ́ Ṣakí kankan: kí tọkọtaya kó wá sí Ilero, kí wọ́n máa gbé ọ̀dọ̀ òun, kí Tàófíìkì máa bá òun bójú tó sọ́ọ̀bù àgbàdo. Ramlah sunkún títí. Tàófíìkì ní kó fọkàn balẹ̀, pé òun á lọ sọ fún Bàbá pé kò ní í ṣeé ṣe. Ramlah fẹ́ bá a lọ, àmọ́ Bàbá ránṣẹ́ pé Tàófíìkì nìkan ni kó wá, pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin sí ọkùnrin ni. Nígbà tó padà dé, ó ní ọ̀rọ̀ ti parí. Ramlah ò bi í bó ṣe parí, ayọ̀ ò jẹ́ kó rántí bi í.

Nígbà tí wọ́n so yìgì tán, ẹ̀gbọ́n Tàófíìkì kan tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ní Ìbàdàn ló fi ìrìnàjò họ́nímúùnù ta wọ́n lọ́rẹ. Èkó sí Gánà ni, kì í sì í ṣe ìjókòó lásán, bísínẹ́ẹ̀sì kíláàsì ni, níwájú, lórí àwọn àga tó fẹ̀ tó ibùsùn ọmọdé. Tàófíìkì ò sì lè mú ọmọ ọlọ́mọ kọjá bọ́dà láìdágbére. Ó pe Bàbá Mujeebat lórí fóònù, ó sọ ọjọ́, ó sọ àkókò, ó tiẹ̀ tún dárúkọ bàálù tí wọ́n máa wọ̀. Ẹ ò rí nǹkan! Ní Gánà náà ni Mujeebat, àkọ́bí Bàbá, ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Bàbá ra tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ sínú bàálù kan náà, ti ẹ̀yìn, kò sì sọ fún Tàófíìkì àti Ramlah.

Àwọn ará iwájú ni wọ́n kọ́kọ́ wọlé lọ́jọ́ náà. Ramlah jókòó síbi fèrèsé, ọkọ rẹ̀ jókòó tì í, wọ́n gbé ohun mímu tútù fún wọn kí bàálù tó gbéra rárá. Tàófíìkì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Inú Ramlah dùn gan-an, ó ń rẹ́rìn-ín láìsí ẹni tó pa á lẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ará ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ni agbádá funfun kan bá yọ, fìlà àti báàgì sì tẹ̀ lé e. Bàbá Mujeebat nìyẹn.

Tàófíìkì fò dìde, ohun mímu dà sí i lára, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí àárín ọ̀nà tóóró yẹn. Gbogbo èrò tó wà lẹ́yìn Bàbá dúró gbagidi. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú èrò ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dìde, kò dìde àfi ìgbà tí Bàbá ṣàdúrà tán. Bàbá wá wo àga, ó wo Ramlah, ó tún wo àga. Kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Gbogbo ohun tó sọ ò ju pé ibẹ̀ mà fẹ̀ o.

“Bàbá, ẹ jókòó síbí,” ni Tàófíìkì wí.

Ọmọbìnrin yẹn kọ́kọ́ ní kò ṣeé ṣe, Tàófíìkì bẹ̀ ẹ́ títí tó fi gbà. Bàbá jókòó. Tàófíìkì gbé báàgì Bàbá, ó gba ẹ̀yìn lọ, wọ́n sì fa kọ́tìnì sẹ́yìn rẹ̀.

Ramlah wo fèrèsé, fèrèsé tí kò ṣeé ṣí. Ó wo ẹ̀gbẹ́ kejì, agbádá Bàbá ti bo ọwọ́ àga, ó ti dé orí itan rẹ̀. Bàbá na ọwọ́, ó fa bẹ́líìtì Ramlah kó lè fún dáadáa, bó ṣe máa ń fa ìró rẹ̀ so nígbà tó wà lọ́mọdé. Bàálù gbéra, ilẹ̀ ń lọ sísàlẹ̀, ó sì ń rò ó pé òun ti kúrò ní Ilero pátápátá, Ilero wá gbéra, ó wọ bàálù tẹ̀ lé òun.

Wọ́n gbé oúnjẹ wá. Bàbá jẹ tirẹ̀ tán, ó wo ẹran inú ti Ramlah, Ramlah sún un sí i. Ẹran yẹn ni Bàbá ń jẹ lọ́wọ́ tó fi sọ pé òun ti ní kí wọ́n kun yàrá ẹ̀yìn ní Ilero fún òun àti ọkọ rẹ̀, pé kí àwọn méjèèjì má pẹ́ ní Gánà, àgbàdo tuntun ti fẹ́ dé. Ramlah kó gbogbo ìgboyà tó ní jọ.

“Bàbá, Ṣakí la máa gbé.”

“Ọkọ rẹ ti gbà,” ni Bàbá wí. “Ọjọ́ tó wá bá mi ló ti gbà. Mi ò tiẹ̀ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.”

Ó dun Ramlah wọra. Kì í ṣe ti Bàbá ló dùn ún, ti Bàbá ti mọ́ ọn lára. Ti ẹni tó ní ọ̀rọ̀ ti parí ni. Ó fẹ́ dìde, bẹ́líìtì dá a dúró. Ó tú bẹ́líìtì, orúnkún Bàbá àti tírè oúnjẹ dí ọ̀nà. Ó ní òun fẹ́ lọ tọ̀, Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yẹra díẹ̀.

Ó ṣí kọ́tìnì, ó rìn dé ẹ̀yìn. Ó bá Tàófíìkì láàárín èèyàn méjì nítòsí ilé ìtọ̀, báàgì Bàbá lórí itan rẹ̀. Ó rí ìyàwó rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ṣé ara tu Bàbá níbẹ̀?” ló bi í.

Ramlah bi í bóyá lóòótọ́ ló ti gbà. Tàófíìkì wolẹ̀. Ó ní àgbà ni Bàbá, pé báwo ni òun ṣe fẹ́ la ẹnu kò wọ́n lójú, pé kí àwọn ṣì kó lọ sí Ilero ná, tó bá yá òun á wá bí òun ṣe máa sọ ọ́. Àwọn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń ṣe bí ẹni pé wọn ò gbọ́. Kí Ramlah tó rí ohun tó máa sọ, wọ́n ti kéde pé bàálù ti ń sọ̀ kalẹ̀, kí oníkálukú padà sí ìjókòó rẹ̀. Ó padà lọ jókòó ti Bàbá, níwọ̀n ìgbà tí kò síbòmíràn tó lè jókòó sí.

“Bàbá,” ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, “ilé Mujeebat ni mò ń bá yín lọ. Kí Tàófíìkì máa dá lọ sí òtẹ́ẹ̀lì.”

Bàbá ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, pé wọn kì í ṣe é, ìyàwó tuntun kì í fi ọkọ sílẹ̀ lọ sùn níbòmíràn, pé kí làwọn èèyàn máa sọ.

“Ó ti fún yín ní àga rẹ̀,” ni Ramlah wí. “Ó ti bá mi dá yín lóhùn. Ẹ̀yin lẹ ni mí nìyẹn. Ẹ máa mú mi lọ.”

Bàbá kó agbádá rẹ̀ kúrò lórí itan Ramlah. Bàálù balẹ̀.

Àwọn ará iwájú ló tún kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, nítorí náà Ramlah àti Bàbá dúró de Tàófíìkì nínú gbọ̀ngàn. Nígbà tó yọ pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́, ẹ̀gbẹ́ Bàbá ló bá ìyàwó rẹ̀. Ramlah tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún un bó ṣe sọ ọ́ fún Bàbá, kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀. Tàófíìkì bá yíjú sí Bàbá pé kó gba òun.

“Má wò mí,” ni Bàbá wí.

Àwọn èèyàn ń kọjá lọ́tùn-ún lósì pẹ̀lú ẹrù wọn. Tàófíìkì gbá báàgì Bàbá mọ́ àyà.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo purọ́ fún yín. A ò fẹ́ wá sí Ilero. Ẹ̀rù yín ló bà mí.”

“Mo mọ̀,” ni Bàbá dá a lóhùn. “Ìdí nìyẹn tí mo fi ní o ò gbọdọ̀ mú Ramlah dání lọ́jọ́ tó o wá bá mi.”

Ó gba báàgì rẹ̀, ó tún fìlà dé, ó sì gba ibi tí Mujeebat ti ń dúró dè é lọ. Kò ní òun gbà, kò ní òun ò gbà. Ramlah ò tẹ̀ lé e mọ́, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ láàárín àwọn èrò. Látìgbà tó ti gbọ́njú, ohun tó ń rò ni pé Bàbá ò mọ̀ pé ẹ̀rù òun ń ba àwọn. Àṣé ó mọ̀.