Orin Ùyàwó Tí A Fi Kọjá

Màmá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìrẹsì kaná ni ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní àdúgbò wa ní Monróvíà. Ìrẹsì yẹn kò jinná tí a fi sá. Ọmọdébìnrin ni mí nígbà náà. Ará Ìyìn-Èkìtì ni wá, òwò ló gbé wa dé Làìbéríà. Àbúrò bàbá mi, Bàbá Olójìtá, wà pẹ̀lú wa. Òun ló ń fi jìtá kọ orin àtijọ́ ilé wa, kí àwa ọmọ tí wọ́n bí sí òkèèrè má baà gbàgbé. Jìtá náà nìkan ló gbé kọ́ ẹ̀yìn.

Ewé kúkúńdùnkún là ń sè jẹ lójú ọ̀nà. Níbì kan, àwọn ajagun na okùn dábùú títì. Òkú wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn náà. Ìyá tó máa ń ta epo fún wa wà lára wọn.

Ọ̀gá wọn rí jìtá.

“Bàbá, ta jìtá yẹn ká gbọ́. Kí ẹ jó kọjá. Ẹni tí kò bá jó, kò kọjá.”

Ọwọ́ Bàbá Olójìtá kò gbéra. Màmá mi sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ wo àwọn ọmọ.”

Orin ùyàwó ló bọ́ sí i lẹ́nu, èyí tí wọ́n ń kọ nílé wa bí wọ́n bá ń bu omi sí ìyàwó lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ọkọ. A jó. Màmá mi gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí ìyá elépo, ó ń rẹ́rìn-ín, torí wọ́n ní ká rẹ́rìn-ín.

“Ẹ mà mọ̀ ọ́n jó o!” Ọ̀gá náà ń pàtẹ́wọ́.

Láti ìgbà tí a ti délé, kò sẹ́ni tó mẹ́nu bà á nínú wa. Màmá mi kú, kò sọ ọ́. Ní àdúgbò Adébáyọ̀ níbí, Bàbá ń kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo orin tó mọ̀, àfi ìyẹn. Kò sì sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n mọ́.

Lóṣù tó kọjá, ọmọ mi Tinúkẹ́, tó ń múra ìgbéyàwó, fà mí lọ sọ́dọ̀ Bàbá.

“Bàbá, àwọn àgbà Ìyìn ní orin ùyàwó kan wà tí ẹ fi pamọ́. Àbí ọkọ mi ò wù yín ni?”

Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wojú mi. “Bi ìyá ẹ. Bó bá ní kí n kọ ọ́, màá kọ ọ́. Bó bá ní rárá, á bá mi wọlẹ̀.”

Mo ní, “Ẹ kọ ọ́, Bàbá.”

Tinúkẹ́ gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì kó lè gbà á sílẹ̀. Bàbá kọ ọ́ tán.

“Orin tó dùn báyìí!” ni Tinúkẹ́ wí. “Kí lẹ wá fi í pamọ́ fún?”

Ẹsẹ̀ mi ṣì ń jó lábẹ́ tábìlì. Mo fi ọwọ́ méjèèjì tẹ orúnkún mi mọ́lẹ̀. Bàbá rí i. Ó gbé ojú kúrò.