Awọ Fẹ́lẹ́ Ara Gbòǹgbò Eyín

Bí eyín ọmọ bá yọ, orí rẹ̀ ni dọ́kítà wa máa ń dì mú, wọn kì í fọwọ́ kan gbòǹgbò rẹ̀ láé. Èmi ni mò ń kọ káàdì ní ilé ìwòsàn eyín wọn ní Bódìjà. Àìmọye ìgbà ni mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún àwọn ìyá ọmọ pé: "Awọ fẹ́lẹ́ kan wà lára gbòǹgbò yìí. Òun ló ń so eyín mọ́ egungun. Ẹ má bó o o. Inú mílíìkì ni kí ẹ fi í sí." Wọ́n ní àwọn onímọ̀ ń wá bí awọ náà yóò ṣe máa hù padà tó bá bó, ṣùgbọ́n kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa.

Lọ́jọ́ tí Tólú ọmọ mi ṣubú ní Àgbowó, tí eyín iwájú rẹ̀ yọ, yanrìn àti ẹ̀jẹ̀ bo eyín náà. Ojú tì mí láti gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Mo fi ọṣẹ àti kànrìnkàn fọ̀ ọ́ títí ó fi funfun.

Dọ́kítà yẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́yìn náà wọ́n wò mí. "Ìyá Tólú, ẹ fọ̀ ọ́ bí ẹni fọ abọ́ àlejò!" Wọ́n tẹ̀ ẹ́ padà sáyè rẹ̀, wọ́n fi wáyà dè é.

Nígbà tó yá, eyín náà bọ́. Tólú sọ ọ́ sí dọ́kítà lójú: "Ẹ̀yin lẹ ò tò ó dáadáa."

Dọ́kítà ní: "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Má bínú."

Mo wà níbẹ̀, mò ń to káàdì.

Dọ́kítà ti kú báyìí. Tólú ṣì ń sọ pé wọn ò mọṣẹ́. Ó tún sọ ọ́ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo sì ní kó dárí jì wọ́n.