Àtẹ́lẹwọ́ Bàbá Saliu Nínú Yàrá Tútù

Tí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ tètè rín in báyìí, torí tí mo bá sọ ọ́ dé àárín, ẹ ò ní lè rín in mọ́. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ọ̀sán gangan ni, ojú mi là kedere, mi ò sì mu ju tíì lọ lọ́jọ́ náà.

Ọmọ Bantè ni mí. Ní Savalou, ilé iṣẹ́ kan wà tí wọ́n kó àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá sínú yàrá tútù kan, nínú kọ́bọ́ọ̀dù irin mẹ́rin. Tí yàrá yẹn bá gbóná, gbogbo rẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn. Wọ́n ní kí n wá so kápítẹ̀ síbẹ̀, àwọn nǹkan pélébé tó ń wọn ooru, tó sì ń fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù.

Ẹnjiníà ń bọ̀ láti Kútọ̀nú ní aago mẹ́rin. Tí iṣẹ́ bá wù ú, èmi ni yóò di olùtọ́jú yàrá náà, mi ò ní máa fi ìyàwó àti ọmọ tuntun sílẹ̀ wáṣẹ́ kiri mọ́. Inú mi dùn débi pé mò ń dá kọrin.

Ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà kẹ́yìn ni Bàbá Saliu, ará Pira, tí wọ́n máa ń tún amúlétutù ṣe. Bàbá kò lo ẹ̀rọ kankan. Ní aago mẹ́ta ọ̀sán, kí wọ́n tó lọ kírun Alásárì, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ kan kọ́bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ń ṣàìsàn, ibẹ̀ lọwọ́ wọn á pẹ́ sí. Dòsú, ọmọ Mahi tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ló sọ fún mi. Ó ní òun wà níbi tí wọ́n ti sin bàbá ní Pira, oṣù mẹ́ta sẹ́yìn.

Mo so kápítẹ̀ mẹ́rin, ọ̀kan síwájú kọ́bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan. Bí a ṣe ń dán an wò ni pé ẹ ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó, nọ́ńbà á gòkè láti mọ́kànlélógún dé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Tí ẹ bá mú ọwọ́ kúrò, á sọ̀kalẹ̀. Gbogbo wọn ló dáhùn. Mo jó níbẹ̀, ẹ gbà mí gbọ́.

Mo ti ilẹ̀kùn, mo lọ jókòó ti Dòsú níta, mò ń fi fóònù mi yangàn fún un.

Aago mẹ́ta lù. Kápítẹ̀ kìíní gòkè dé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ó dúró díẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀.

Inú bí mi, mo ní ta ló ń fọwọ́ kan iṣẹ́ mi. Àmọ́ ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà, Dòsú sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kí n tó dìde, ìkejì gòkè, ó sọ̀kalẹ̀. Ó kan ìkẹta.

Dòsú rọra sọ ọ́ sí mi létí pé, "Ẹ̀gbọ́n, bàbá ni. Bí wọ́n ṣe máa ń rìn nìyẹn."

Ẹ̀rù bà mí, inú mi sì tún ń dùn, torí mò ń rí ohun tí ẹnìkan ò rí rí, lórí fóònù témi! Ìkẹrin gòkè. Kò sọ̀kalẹ̀. Ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo rò ó pé tí ẹnjiníà bá bá nọ́ńbà yìí níbẹ̀, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Mo ṣílẹ̀kùn.

Kò séèyàn. Mo yí lọ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù kẹrin. Fáànù kan ti kú, wáyà rẹ̀ sì ti ń yọ́. Mo sáré pa iná ibẹ̀.

Ẹ ó ní wáyà ló mú un gbóná. Ẹ̀yìn ni wáyà wà, iwájú ni kápítẹ̀ wà. Àwọn mẹ́ta yòókù wá ńkọ́?

Mo sọ ọ́ lábẹ́ ẹnu pé, "Ẹ ṣeun, Bàbá." Nígbà tí mo wo fóònù, ìkẹrin ti sọ̀kalẹ̀.

Ẹnjiníà dé bá mi níbi tí mo ti ń pààrọ̀ fáànù. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní mo ti gba iṣẹ́. Ariwo ayọ̀ ni mo ń pa lórí ọ̀kadà títí mo fi dé Bantè.

Láti ìgbà náà, ojoojúmọ́ lọwọ́ yẹn ń yí ká ní aago mẹ́ta. Ó ti mọ́ mi lára, mo tilẹ̀ máa ń kí wọn. Nígbà tó yá, ẹnjiníà ní kí n so ìkarùn-ún mọ́ ògiri nínú yàrá náà, lẹ́yìn àga tí mo máa ń jókòó sí.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo wà lórí àga. Kìíní, ìkejì, ìkẹta, ìkẹrin. Kò pẹ́ níbì kankan. Ìkarùn-ún wá gòkè. Kò sọ̀kalẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun.

Ẹ rántí ibi tí ọwọ́ bàbá máa ń pẹ́ sí. Mo ti lọ sọ́dọ̀ dókítà. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Ìyàwó mi ní kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ yìí la fi ń jẹun. Mo gbé àga mi lọ sí ìhà kejì yàrá, níbi tí kò sí kápítẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìkarùn-ún ti tutù.

Mi ò mọ ibi tí ọwọ́ náà ń lọ lẹ́yìn ìkẹrin. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ mi, ẹ gbọ́ o: ibi tó bá wù yín ni kí ẹ so kápítẹ̀ mọ́, kó má ṣáà ti jẹ́ ibi tí ẹ ń jókòó.