Ọjọ́ Tí Kíláàsì Ọmọ Mi Kúnlẹ̀ Nílé Àwọn Viking

Ata ni mo ń kó sínú ẹ̀rọ ìlọta ní ilé wa ní Thamesmead, ní ìlú London, nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ wọ orí fóònù mi. Ilé ìwé Mofẹ́, ọmọ mi ọlọ́dún méje, ló fi í ránṣẹ́. Wọ́n ń wá òbí kan tí yóò bá àwọn tíṣà kó kíláàsì náà lọ wo ilé gbọọrọ kan tí wọ́n tún kọ́ bí àwọn Viking ṣe ń kọ́ ọ. Bí ẹ ò bá mọ àwọn Viking, jagunjagun ayé àtijọ́ ni wọ́n. Wọ́n máa ń tukọ̀ láti ilẹ̀ olótùútù wá kó ẹrù ẹlẹ́rù. Ìtọ́jú àwọn arúgbó ni iṣẹ́ mi, ọjọ́ ìsinmi mi ni ọjọ́ náà sì bọ́ sí. Mo ní mo gbà.

Mofẹ́ kò yọ̀ tó bí mo ṣe rò.

"Mummy, o ò ní ṣe nǹkan kan níbẹ̀, àbí?" Ó máa ń pè mí ní "o." Ìjà yẹn, mo ti fi í sílẹ̀.

"Nǹkan bíi kí ni?"

"Ìkúnlẹ̀ yẹn. Má ṣe é níwájú àwọn ọ̀rẹ́ mi."

Ó ní ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti pàdé ìyá àgbà kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Plumstead High Street, níwájú ṣọ́ọ̀bù oníṣu, mo sì kúnlẹ̀ kí i tòun ti báàgì lọ́wọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ méjì ń kọjá. Wọ́n bi í bóyá mo ṣubú ni.

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ta ni mo fẹ́ kúnlẹ̀ fún nílé Viking?

Nígbà tí èmi wà ní bíi ọjọ́ orí Mofẹ́, ọ̀dọ̀ ìyá tó bí ìyá mi ni mò ń gbé, ní Ìgbàjọ. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ó rántí irú ilé yẹn: ilé amọ̀ gbọọrọ, yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ṣókùnkùn láàárín, ilé ìdáná lẹ́yìn. Ìyá Àgbà a máa jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, a kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, èéfín a bo gbogbo ibẹ̀. Ẹja ń gbẹ lórí pẹpẹ lókè iná, a ò sì gbọ́dọ̀ wò ó ju bó ṣe yẹ lọ. Èmi ni mò ń kó eérú, èmi náà ni mò ń fi í fọ ìdí ìkòkò. Iṣu sísun ni èrè mi, ibi tó jóná díẹ̀, pẹ̀lú epo àti iyọ̀.

Ẹni tó bá wọ ilé ìdáná yẹn láìkí i, Ìyá Àgbà kò ní yíjú. Ìkòkò ni yóò bi léèrè pé, "Ta ló wọlé yẹn? Ṣé atẹ́gùn ni?" O máa padà síta, o máa tún wọlé, o máa kúnlẹ̀: "Ẹ kú ìdáná mà." Bí orúnkún kò bá kan ilẹ̀ dáadáa, ó di ẹ̀ẹ̀kan sí i. Àárọ̀ ọjọ́ kan wà tí àkàrà tutù kí n tó wọlé tán.

Ọjọ́ ìrìn àjò pé. Bọ́ọ̀sì gbé wa lọ títí ilé fi tán lọ́nà, tó wá ku màlúù. Ilé náà dá wà nínú pápá, igi àti amọ̀, koríko lórí, kò ní fèrèsé. Tíṣà ní kí n ṣíwájú àwọn ọmọ. Mo tẹrí ba, mo wọlé.

Òkùnkùn. Èéfín. Ẹja tí wọ́n so kọ́ lókè iná. Obìnrin àgbà kan tó fi ìborùn borí jókòó sórí àpótí, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń ro nǹkan nínú ìkòkò.

Kí n tó mọ̀, orúnkún mi ti wà nílẹ̀. "Ẹ kú ìdáná mà." Yorùbá ni mo sọ, ketekete.

Obìnrin náà yíjú. Òyìnbó ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ṣe bí ìyáálé àwọn Viking, kò sì fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣeré. Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká. "Dìde, ọmọbìnrin. Ọ̀nà ẹ jìn. Jókòó, kí o jẹun."

Mo jókòó. Kí ni kí n ṣe?

Àwọn ọmọ tó tẹ̀ lé mi rò pé bí wọ́n ṣe ń wọ ilé Viking nìyẹn. Ẹni àkọ́kọ́ kúnlẹ̀. Èkejì kúnlẹ̀. Ọ̀kan tiẹ̀ gbìyànjú "ẹ kú ìdáná," ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ bó ṣe yẹ. Àwọn ọmọkùnrin náà kúnlẹ̀. Ó ń yún mi lẹ́nu láti sọ pé ìdọ̀bálẹ̀ ni tiwọn, mo panu mọ́. Tíṣà fi orúnkún kan ṣoṣo kúnlẹ̀, nítorí ìbàdí ń dùn ún. Ìyáálé ń gbé wọn dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, inú rẹ̀ ń dùn.

Mofẹ́ ló kẹ́yìn. Nínú gbogbo wọn, òun nìkan ló mọ ẹni tó ni nǹkan tí wọ́n ń ṣe. Kò kúnlẹ̀. Ó fi ẹ̀gbẹ́ ogiri rìn, ó lọ jókòó síbi tó jìnnà sí mi. Mo gbé búrẹ́dì tí ìyáálé fún mi sílẹ̀.

Nínú bọ́ọ̀sì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà níwájú wa yíjú padà. "Mofẹ́, ṣé àwọn Viking ló kọ́ mummy ẹ ní ìkúnlẹ̀ yẹn?"

Mo kọjú sí fèrèsé. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ tán. Mi ò ní já a nírọ́. Mofẹ́ ń fọwọ́ yí bẹ́líìtì ìjókòó rẹ̀.

"Rárá," ó ní. "Tiwa ni. Yorùbá ni."

"Kí ló dé tí ìwọ ò ṣe é?"

Ó tẹjú mọ́ bàtà rẹ̀ títí a fi délé ìwé.

Láyé ìgbà tiwa, kò sẹ́ni tó ń bi wá bóyá a fẹ́ kúnlẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń wò wá náà ti kúnlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ojú ta ni yóò wá tì wá? Ọmọ tèmi ní láti rò ó lẹ́ẹ̀mejì, níwájú kíláàsì odindi. Ká sọ tòótọ́, tirẹ̀ le ju tèmi lọ.

Bí a ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ adágún Birchmere Park lọ sílé, ó di ọwọ́ mi mú. "Mummy, ṣé o ń bínú sí mi?"

Mo ní, "Rárá o. Èyí tí o sọ nínú bọ́ọ̀sì ti tó mi. Orúnkún ẹ, tìẹ ni. Mi ò ní bá ẹ tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ tó bá wù ẹ́, ilẹ̀ ò ní sá lọ."